Níbo Ni Nù Wà?

Dúrọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógójì ló wọlé lọ́dún tó kọjá,
aláwọ̀ búlúù, ọmọrí dúdú,
wọ́n ya agbárí òkú sí i lára, eegun méjì dábùú lábẹ́ ẹ̀.
Èmi ni mo gbà wọ́n. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.
Nínú ìwé ńlá ilé-iṣẹ́ tó ń fọ òkúta lẹ́yìn Ìsánlú,
ìlà mẹ́ta péré ló wà:
Ó wọlé. A lò ó. A dà á nù.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ ìlà kẹta,
n kò bi ara mi léèrè rí
pé níbo ni wọ́n ń pè ní nù.

Owó oṣù ti pẹ́. Òrùlé mi ń jò.
Ìyá Olúsanmí, tó ń ti oko kọfí bọ̀,
dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú agbọ̀n lórí:
“Ọ̀kun o, akọ̀wé. Ẹ ò ní í ta ìkan fún mi nínú àwọn agbomi yẹn?”
Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́,
wọ́n ń yí i lọ lójú títì, ó ń ró gbìn-ìn gbìn-ìn,
àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e.
Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sí àwòrán náà,
ó ní, “Akọ̀wé, ta nìyí?”
Mo ní, “Ẹni tí kì í jẹun yó ni.”
Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Kànga gbẹ. Dúrọ́ọ̀mù kan a sì gba omi garawa mẹ́wàá.
Kọfí tuntun tí Ìyá Olúsanmí bomi rin
rẹ̀ dànù bí ewé tí iná rà.
Ó ní ọ̀dá ni.
Nígbà tí ẹnu ọmọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó,
kò sọ pé ọ̀dá ni mọ́.
Ó ní, “Ọṣẹ àti eérú ni mo fi fọ̀ ọ́, akọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹta.”
Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Mo mú owó tí mo yá, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.
Wọ́n ní, “Há à! Ó ti rí èrè ńlá níbẹ̀ ni,
kí ló dé tó fi ń rà á padà?”
Ohun tí mo tà lẹ́gbẹ̀rún méjì di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Mọ́kàndínlógún ni mo rí gbà.
Ìkan ti di ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó ti dé Ẹ̀gbẹ̀.
Ìkan, wọ́n là á sí méjì, ewúrẹ́ ń mu nínú rẹ̀.
Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Ọ̀gá wa ní kí n kó wọn dànù.
Mo pe Lọ́kọ́ja; wọ́n ní àwọn kò níbi tí wọ́n ń kó o sí,
kí n pè wọ́n padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.
Òhínóyì tó ń ra irin àti ike àtijọ́ dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀,
ó fọwọ́ kan wọn tọ́kàn-tọ́kàn, ó ní wọ́n dára,
pé òun ó tà wọ́n ní Ọ̀mù-Àrán fún àwọn tó ń wá agbomi.
Mo ní kò sí èyí tó jẹ́ títà.
Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.

Mọ́kàndínlógún wà lẹ́yìn ilé mi báyìí.
Mo fi ọ̀bẹ họ ẹnu gbogbo wọn, mo lu ìdí wọn,
kí omi má lè dúró nínú wọn mọ́.
Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá. Ó wọ inú wọn,
ó gba ìdí wọn jáde,
ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọgbà mi,
síhà odò.

Mo ṣí ìwé ńlá náà láàárọ̀ yìí.
Ìlà kẹta ń dúró.
Bírò wà lọ́wọ́ mi.